A Kì í Pe Ìyá Ẹlẹ́kọ Láti Ẹ̀yìn

Agolo aṣáà náà wà lórí àpótí ìdáná, ìyá wa àgbà sì ti kọjá gọ́tà. Ẹ̀yìn wọn ni mo rí. Agbọ̀n ẹ̀kọ wà lórí wọn, ooru ṣì ń yọ lára ewé, ọwọ́ òsì wọn ń fì síwá sẹ́yìn bí ọwọ́ ẹni tó ń tu ọkọ̀ ojú omi. Mo ti la ẹnu láti pè wọ́n. Ìyá mi tó ń gbálẹ̀ wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, mo sì pa ẹnu mi dé.

Mo mú agolo náà, mo gba ẹ̀yìnkùlé sáré. Mo bẹ́ kọjá lórí okùn ewúrẹ́, mo wọ àárín aṣọ tí àwọn alágbàfọ̀ sá, omi ń kán sí mi lọ́rùn, mo fi ẹ̀gbẹ́ gba àlàfo tó wà láàárín ilé méjì, mo sì já sí ojú títì lẹ́bàá kànga. Ibẹ̀ ni mo dúró sí tí mò ń mí hẹlẹhẹlẹ títí wọ́n fi yọ. Wọ́n rí mi níwájú, wọ́n rẹ́rìn-ín.

"Kí ni mo tún gbàgbé?"

"Aṣáà yín ni, Màmá."

"Orí mi ò tíì jí lónìí. Fi há mi lọ́wọ́."

Wọ́n gba agolo náà láìdúró, wọ́n ń bá ọ̀nà wọn lọ sí apá Kétu, ohùn wọn sì bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ẹ̀kọ gbígbóná láti ojúlé dé ojúlé.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé, nítorí ọ̀pọ̀ ọmọ ìsinsìnyí kò mọ̀ ọ́n mọ́. Nílé wa, a kì í pe ẹni tó ti jáde padà láti ẹ̀yìn. Ní ti ìyá wa àgbà, ọ̀rọ̀ náà le ju ti ẹlòmíràn lọ. Bí ẹrù bá ti gorí wọn, tí ìyá mi sì ti kí wọn pé, "Ọ̀nà á là o, Màmá," tí ẹsẹ̀ wọn ti kọjá gọ́tà, ó parí. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ kan láti bá wọn sọ, kó sáré gba ibòmíràn lọ pàdé wọn níwájú. Wọ́n ní ẹni tó bá ń yíjú padà lọ́nà ọjà, ọjà náà yóò yíjú kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀.

Ayálégbé kan kó wá sí yàrá ẹ̀gbẹ́ wa nígbà kan, awakọ̀ ní gáréèjì Òjótà. Kò tíì mọ òfin ilé. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ó yọrí lójú fèrèsé, ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́kọ, ẹ padà wá, ẹ fún mi ní méjì." Ìyá wa àgbà dúró. Wọ́n yí padà, wọ́n wọlé, wọ́n sọ agbọ̀n kalẹ̀, wọ́n tú òṣùká, wọ́n fọ ẹsẹ̀, wọ́n mu omi, wọ́n jókòó. Ọkùnrin náà nawọ́ owó sí wọn, wọn kò gbà á. Wọ́n ní ọjà kò tíì bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ ra ẹ̀kọ, kó dúró lójú ọ̀nà. Nígbà tó ṣe, wọ́n ká òṣùká tuntun, wọ́n gbé ẹrù, ìyá mi sì tún kí wọn láti ìbẹ̀rẹ̀. Oòrùn ti yọ nígbà náà. Àwọn alábàárù tó máa ń dúró dè wọ́n ti fi búrẹ́dì panu.

Ojú tí wọ́n fi wo awakọ̀ náà kò ní ìbínú nínú. Ó rẹ̀ wọ́n ni. Ojú ẹni tó ti rin ìdajì ọ̀nà ni, tí wọ́n wá ní kó lọ bẹ̀rẹ̀ látilẹ̀. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi ojú yẹn sọ́kàn. Láti ọjọ́ náà, bí ẹ̀kọ bá ń wu ọkùnrin náà jẹ, ẹ ó rí i tó ń fi singilẹ́ẹ̀tì sáré láàárín aṣọ àwọn alágbàfọ̀.

Ìkòsí ni ilé wa wà. Igbó ṣì wà nígbà náà láàárín àdúgbò kan sí èkejì, ilẹ̀ a sì máa rọ̀ bí òjò bá rọ̀, torí odò kò jìnnà. Láti apá Ọ̀yọ́ ni ìyá wa àgbà ti bá ọkọ wọn wá. Wọ́n ń kírun, ìyá mi tó jẹ́ ọmọ wọn ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì ọkọ rẹ̀, kò sì sí ẹni tó bá ẹnì kejì jà lórí rẹ̀. Ohun tó da gbogbo wa pọ̀ ni ògì. Òórùn omi ògì ni òórùn ilé wa. Ó wà lára ògiri, ó wà lára aṣọ ilé ẹ̀kọ́ mi, àwọn ẹgbẹ́ mi sì máa ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ pé mo kan. Ìyá wa àgbà ní kí n sọ fún wọn pé ohun tí kò bá kan kì í dùn.

Mo fẹ́ràn ìrọ̀lẹ́ tí a bá ń sẹ́ ògì. Aṣọ funfun ni wọ́n máa ń ta sẹ́nu ìkòkò, wọ́n á máa da omi sí i, wọ́n á máa fi àtẹ́lẹwọ́ pò ó yípo, tí èèrí á ṣẹ́ kù lókè, tí omi funfun á máa ṣàn sísàlẹ̀ bíi wàrà. Láàárọ̀ kùtùkùtù, ìkòkò ńlá á gorí iná. Màá máa gbọ́ ọ láti orí ẹní mi. Lákọ̀ọ́kọ́ á dákẹ́. Tó bá yá, á bẹ̀rẹ̀ sí í sọ "pọ̀, pọ̀," bí ẹni tó ń ronú. Lẹ́yìn náà ohùn rẹ̀ á ki, á máa sọ "bọ̀tì, bọ̀tì," omorógùn á sì máa lọ́ra. Ìyá wa àgbà kì í wo inú ìkòkò kí wọ́n tó gbé e sọ̀ kalẹ̀. Etí ni wọ́n fi ń se ẹ̀kọ. Wọ́n á fi ìgbakọ bù ú sínú ewé, wọ́n á pọ́n ọn, wọ́n á tò ó, ewé á máa rọ̀ nínú ooru, òórùn rẹ̀ á sì gba gbogbo àgbàlá.

Bí mo bá kúnlẹ̀ kí wọn láàárọ̀, wọ́n á kì mí. Wọ́n á bẹ̀rẹ̀ láti orí oríkì mi, wọ́n á gba ilé àwọn bàbá wọn lọ, wọ́n á sì tún gba ibẹ̀ bọ̀ wá bá mi. Wọ́n kọ́ mi ní tiwọn náà. Wọ́n ní ọmọ tí kò bá mọ oríkì àgbà ilé rẹ̀, ààbọ̀ ẹnu ló fi ń kí i. N kò mọ ìtumọ̀ gbogbo rẹ̀ nígbà náà, ṣùgbọ́n ahọ́n mi mọ̀ ọ́n bí ẹsẹ̀ mi ṣe mọ ẹ̀yìnkùlé.

Nídìí ìkòkò ni wọ́n ti kọ́kọ́ ṣubú. Mo gbọ́ tí omorógùn jábọ́. Nígbà tí mo débẹ̀, wọ́n ti nà gbalaja sílẹ̀, ìyá mi ti gbé orí wọn sí itan, ó ń pe orúkọ wọn, ó sì ń bu omi sí wọn lójú. Àwọn ará ilé sá jáde, gbogbo wọn ń pè wọ́n. Báyìí ni a ṣe ń ṣe é. Bí èèyàn bá dákú, a óò pariwo orúkọ rẹ̀ kó má baà rìn jìnnà. Wọn kò dáhùn. Ìyá mi wá rí mi, ó ní, "Ìwọ, kì wọ́n." Mo kúnlẹ̀, mo kì wọ́n bí wọ́n ṣe kọ́ mi. Mo dé ibi ilé bàbá wọn, ojú wọn sì là.

Inú wa dùn lọ́jọ́ náà. Wọ́n gbé mi sókè. Awakọ̀ tó jẹ́ ayálégbé ra súìtì fún mi, ó ní ohùn mi ju abẹ́rẹ́ lọ. Ẹ̀gbọ́n ìyá mi ọkùnrin, tí a ń pè ní Bàbá Òjótà nítorí pé ibẹ̀ ló ń gbé, wá gbé wọn lọ sí ọsibítù lọ́jọ́ kejì. Ọkùnrin gìrìwò ni, ohùn rẹ̀ a máa dé ilé ṣáájú rẹ̀. Wọ́n yẹ inú ìyá wa àgbà wò níbẹ̀, wọ́n rí nǹkan kan tó ti gbèrú. Wọ́n ní ọ̀bẹ kò lè kàn án mọ́. Ìyá wa àgbà fara balẹ̀ gbọ́ ọ tán, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ dókítà, wọ́n sì ní kí wọ́n máa gbé àwọn lọ sílé, torí pé àwọn kò lè sùn níbi tí àwọn kò ti gbọ́ ìkòkò.

Ẹ̀gbẹ́ fèrèsé la tẹ́ ibùsùn wọn sí. Nọ́ọ̀sì kan wà ní ojúlé kejì, obìnrin jẹ́jẹ́ kan tí gbogbo wa ń pè ní Aunty Nọ́ọ̀sì. Òun ló ń wá gún wọn ní abẹ́rẹ́ ìrora. Ìyá mi gba ìdí ẹ̀kọ. Ìyá wa àgbà á dùbúlẹ̀, wọ́n á máa fi aṣáà sí ètè, wọ́n á máa gbọ́ bí ilẹ̀ ṣe ń mọ́. Láti orí ibùsùn ni wọ́n ti ń se ẹ̀kọ náà. "Rò ó dáadáa, ó ń dì nísàlẹ̀," ni wọ́n á wí. Tó bá tún ṣe díẹ̀, "Gbé e sọ̀, ó ti jinná." Ìyá mi á ní, "Màmá, ẹ ò rí i o," wọ́n á ní, "Òun náà ò rí mi." N kò purọ́ fún yín, ọjọ́ àlàáfíà pọ̀ lára ọjọ́ wọ̀nyẹn. Àwọn oníbàárà wọn ń wá kí wọn. Bàbá Òjótà ń bọ̀ lẹ́yìn iṣẹ́, á jókòó sí ẹsẹ̀ ibùsùn, á máa sọ ìròyìn ọ̀nà, wọ́n á sì jọ máa bú àwọn tó ń wa mọ́tò níwàkuwà.

Nígbà tó yá, oúnjẹ kò wọlé mọ́. Ìyá mi kò gbà. Ó ń rọ wọ́n lẹ́kọ, bí a ṣe ń rọ ọmọ tuntun: á gbé orí wọn sí itan, á fi àtẹ́lẹwọ́ ṣe abọ́ lẹ́nu wọn, á sì máa dà á díẹ̀díẹ̀. Ẹ mọ̀ pé ìyá wa àgbà fúnra wọn ló kọ́ gbogbo abiyamọ àgbàlá wa bí a ṣe ń rọ ọmọ. Lọ́jọ́ kan wọ́n gbé ẹ̀kọ náà mì, wọ́n nu ẹnu, wọ́n ní, "Ìgbà wo lẹ fẹ́ sọ mí lórúkọ?" Ìyá mi rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, kò sì yéé dà á.

Wọ́n ń dákú, a sì ń pè wọ́n. Iṣẹ́ mi nìyẹn. Ìyá mi gbé àpótí kan sí ẹ̀gbẹ́ orí wọn, ó ní ibẹ̀ ni kí n máa jókòó, kí n má jìnnà. Kódà, kò jẹ́ kí n lọ sí ilé ẹ̀kọ́ ní àwọn ọjọ́ tí ara wọn bá le. Bí èémí wọn bá ti ń fẹ́lẹ́, á fọwọ́ tọ́ mi, màá bẹ̀rẹ̀. Wọ́n á sì padà. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti padà, ìrora náà á bá wọn padà, tuntun, bí ẹni pé kò bẹ̀rẹ̀ rí. Wọ́n á la ojú, wọ́n á wò mí. Mo mọ ojú náà. Mo ti rí i rí. Ojú tí wọ́n fi wo awakọ̀ lọ́jọ́ tó pè wọ́n padà láti ojú fèrèsé ni.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí ìyá mi lọ ra àgbàdo, mo bi wọ́n pé, "Màmá, ṣé ẹ ń bínú sí mi?"

"Ohùn rẹ dùn mọ́ mi," ni wọ́n wí. "Ṣùgbọ́n ẹ̀yìn lo ti ń pè mí."

Mo ní kí n má kì wọ́n mọ́ ni? Wọ́n ní rárá, wọn kì í gbé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ ru ọmọdé. Wọ́n ní bí ìyá mi bá ní kí n kì wọ́n, kí n kì wọ́n. Àwọn fúnra àwọn yóò bá ẹni tó yẹ sọ ọ́. Títí di òní, mo ń dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún ìyẹn. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ti di ọ̀rọ̀ ara wọn lé ọmọ kékeré lórí.

Ní ọjọ́ Jímọ́ọ̀, lẹ́yìn ìrun, wọ́n ní kí a pe Bàbá Òjótà àti Aunty Nọ́ọ̀sì. Wọ́n ní kí ìyá mi wọ àwọn ní aṣọ tó mọ́. Wọ́n fara ti ìrọ̀rí, wọ́n sọ pé àwọn mọ ibi tí àwọn ń lọ, ọ̀nà náà kò sì burú. Ohun tó ń dá àwọn lágara ni pípè. Wọ́n ní bí àwọn bá tún ti kọjá gọ́tà, kí ẹnikẹ́ni má pe àwọn mọ́. Kí wọ́n má fi agbára rọ àwọn lẹ́kọ mọ́. Abẹ́rẹ́ ìrora nìkan ni kí wọ́n máa fún àwọn.

Bàbá Òjótà ní irú ọ̀rọ̀ wo nìyẹn. Ó ní ọsibítù mìíràn wà, ó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ, wọ́n á fa omi sí wọn lára, wọ́n á fi rọ́bà fún wọn lóúnjẹ. Ó yíjú sí Aunty Nọ́ọ̀sì pé kó sọ ọ́. Aunty Nọ́ọ̀sì sọ ohun tó mọ̀ láìfi kún un: wọ́n lè ṣe gbogbo rẹ̀, ọjọ́ lè gùn sí i díẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan tó wà nínú náà kò ní kúrò, ìrora kò sì ní dín.

Ìyá mi ló sọ̀rọ̀ kẹ́yìn, kò sì wo ojú ẹnikẹ́ni. "Bí mo bá dákẹ́, tí ẹ bá lọ, kí ni n ó sọ fún ara mi? Pé mo jókòó, mo ń wò yín níran?"

"O ò wò mí níran," ni ìyá wa àgbà wí. "Sísìn lo sìn mí dé gọ́tà. Ojoojúmọ́ lo ń sìn mí débẹ̀, mi ò bá ẹ wí rí."

Ìyá mi dìde, ó ní iná ń kú, ó lọ sídìí ìkòkò. Kò gbà, kò sì kọ̀. Láti ọjọ́ náà ni n kò ti mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí èémí wọn bá tún fẹ́lẹ́. Mo ń jókòó lórí àpótí mi, mo ń wo ọwọ́ ìyá mi. Bí ọwọ́ náà bá tọ́ mi, màá kì wọ́n. Wọ́n á padà, wọ́n á sì tún wò mí bẹ́ẹ̀.

Ìrora náà le sí i. Abẹ́rẹ́ tó ń gbé wọn di ìrọ̀lẹ́ tẹ́lẹ̀ kò gbé wọn di ọ̀sán mọ́. Bàbá Òjótà wá lọ́jọ́ kan, ó gbọ́ bí wọ́n ṣe ń kérora, ó jáde. Mo rí i lẹ́yìnkùlé, láàárín aṣọ tí wọ́n sá, òun àti Aunty Nọ́ọ̀sì. Ọkùnrin tó fẹ́ fa omi sí wọn lára lọ́jọ́ Jímọ́ọ̀ ló ń bẹ̀bẹ̀ báyìí pé ṣé kò sí abẹ́rẹ́ kan tí wọ́n lè gún wọn, kí wọ́n kàn sùn, kó parí. Aunty Nọ́ọ̀sì mi orí. Ó ní ti ìrora ni òun ní lọ́wọ́, òun á sì gún wọn débi tó bá yẹ. Èyí tó ń wí yẹn, ọwọ́ òun kò gbà á.

Wọ́n gbàgbé fèrèsé. Wọ́n gbàgbé pé etí tó gbọ́ ẹ̀kọ tó jinná lè gbọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìyá wa àgbà ní kí n lọ pe ẹ̀gbọ́n ìyá mi wá. Ó wọlé, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ bí ọmọ kékeré, kò lè gbójú sókè.

"Lánàá o ní kí n má lọ," ni wọ́n wí, ohùn wọn wálẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ̀rín wà nínú rẹ̀. "Lónìí o ní kí n tètè máa lọ. Kò yà mí lẹ́nu. Oṣù rẹ ò pé tó o ti jáde."

Ó ń rẹ́rìn-ín, ó ń sunkún. Wọ́n gbé ọwọ́ lé e lórí.

"Ẹ má dá mi dúró, ẹ má sì tì mí. Ẹ jẹ́ n rìn bí mo ṣe ń rìn."

Ọ̀sán ni wọ́n lọ, ìyẹn sì tẹ́ wọn lọ́rùn, torí wọn kò fẹ́ràn òkùnkùn. Oníbàárà kan ní ìnáwó lọ́jọ́ kejì, ìyá mi wá gbé ẹ̀kọ rẹ̀ kaná lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán. Oòrùn ti yí sí ojú fèrèsé, ó tàn sórí ẹsẹ̀ wọn. Bàbá Òjótà jókòó sílẹ̀, ó gbé ẹ̀yìn ti ògiri. Mo wà lórí àpótí mi. Ìkòkò ń sọ "bọ̀tì, bọ̀tì." Ìyá wa àgbà ní, "Ó ti jinná o." Ìyá mi ní, "Mo gbọ́, Màmá," a gbọ́ bó ṣe gbé e sọ̀ kalẹ̀, ó sì wọlé wá, ó ń fi ìborùn nu ọwọ́.

Èémí wọn ti fẹ́lẹ́. Ó ń lọ, ó ń dúró, ó tún ń lọ. Bàbá Òjótà gbé orí sókè. Mo wo ọwọ́ ìyá mi. Ọwọ́ náà gbéra, ó wá sí ọ̀dọ̀ mi, ó dúró láàárín ọ̀nà. Ìyá mi wò mí lẹ́ẹ̀kan péré, bó ṣe wò mí lọ́jọ́ tó ń gbálẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé.

Òun ni kò rí tirẹ̀ pa dé. Mo rí i tí orúkọ náà ń gun ọ̀nà ọ̀fun rẹ̀ bọ̀. Ó ká etí ìborùn rẹ̀, ó ki í bọ ẹnu, ó sì fi eyín dì í mú. Níta, ẹnìkan ń polówó ata, ládàánì sì bẹ̀rẹ̀ sí í pe ìrun àsárì. Ọwọ́ òsì ìyá wa àgbà mì díẹ̀ lórí aṣọ, síwá, sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà, kò mì mọ́. Kò sí ẹni tó pè wọ́n. A jẹ́ kí wọ́n lọ jìnnà.

Ìgbà tí ládàánì parí ni ìyá mi yọ aṣọ lẹ́nu. Ohùn rẹ̀ mọ́ gaara.

"Ọ̀nà á là o, Màmá."

Ẹkún wá lẹ́yìn náà, ẹkún dáadáa. Aunty Nọ́ọ̀sì dé, ó pa ojú wọn dé. Nígbà tí wọ́n ń ká ibùsùn, mo rí agolo aṣáà lábẹ́ ìrọ̀rí. N kò ronú. Mo mú un, mo gba ẹ̀yìnkùlé sáré, mo bẹ́ kọjá okùn ewúrẹ́, mo wọ àárín aṣọ, mo já sí ẹ̀bá kànga, mo sì dúró. Àwọn èèyàn ń kọjá, wọ́n ń gbé ẹrù wọn. Ibẹ̀ ni ìyá mi ti wá bá mi. N kò mọ̀ bóyá á nà mí. Ó wo agolo tó wà lọ́wọ́ mi, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi lórí òkúta kànga.

"Fi pamọ́," ni ó wí. "Iwájú náà lo ti máa fún wọn."

Láìpẹ́ yìí, ní ìpàdé àwa olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, ẹnìkan ka ìròyìn kan jáde lórí fóònù rẹ̀, pé ní àwọn ìlú kan lókè òkun, òfin gbà kí aláìsàn bẹ dókítà pé kó ran òun lọ́wọ́ láti kú. Kíá ni àríyànjiyàn gbóná. Ẹnìkan ní Ọlọ́run ló ń fúnni, Òun náà ló ń gbà. Alhaja kan ní àmánà ni ẹ̀mí, ohun tí Ọlọ́run fi pamọ́ sí wa lọ́wọ́ ni, a kì í fi àmánà tọrẹ. Obìnrin kan tí ọkọ rẹ̀ pẹ́ lórí àìsàn kó tó kú ní kí a máa wí, pé ẹni tí kò bá gbọ́ igbe náà rí ló máa ń yára dájọ́. Wọ́n wá bi mí. Mo ní ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ tún ṣe nínú ọ̀rọ̀ wọn: wọ́n ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọ̀nà méjì péré ló wà, kí a di èèyàn mú tàbí kí a tì í. Ẹ̀kẹta wà, òun ló sì ṣòro jù, torí ẹni tó ń sin èèyàn sọ́nà ni yóò fi aṣọ di ẹnu ara rẹ̀. Ní ti ẹni tó bá ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n ti òun, n kò ní ìdáhùn. Mo kàn mọ̀ pé n kò lè pe Bàbá Òjótà ní ìkà, mo sì mọ̀ pé inú mi dùn pé ẹnìkan sọ fún un pé rárá.

Ẹni tó bá fara balẹ̀ kà mí dé ibí yóò ti rí i pé n kò kọ orúkọ ìyá wa àgbà sí ibì kankan. Àwọn ọmọ mi ti bi mí léèrè. Mo mọ orúkọ náà. Mo mọ oríkì rẹ̀ dé ilé bàbá wọn, mo sì lè kì í lójú oorun. Ṣùgbọ́n wọ́n ti kọjá gọ́tà.

Ẹ̀kọ ni mo ṣì ń jẹ láàárọ̀. Ọmọ mi obìnrin a máa rà á bọ̀ láti ẹ̀bá ọjà Mile 12, mo máa ń gbọ́ òórùn ewé rẹ̀ kó tó wọlé, inú mi a sì dùn. Eegun mi ti ń ké, ìrìn mi kò yá mọ́. Agolo aṣáà náà wà nínú àpótí mi, ìdérí rẹ̀ ti dípẹtà, ó sì wà níbi tí ọwọ́ mi ti lè tètè tó o. N kò ní pè wọ́n. Ẹ̀yìnkùlé ni n ó gbà.